Àìsàn Ráńpẹ́ Kì Í Ṣe Orúkọ Àìsàn

Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ "àìsàn ráńpẹ́" wọ ìlú Ìbàdàn? Ẹ rìn láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, ẹ ka gbogbo ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná, kò sí ohun mìíràn tó ń pa ènìyàn níhìn-ín. Bàbá kú, àìsàn ráńpẹ́ ni. Ìyá tẹ̀lé e, àìsàn ráńpẹ́ náà ni. Nígbà tí ọmọ wọn bá wá ṣubú lulẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún, tí dókítà bi í pé, "Kí ló pa bàbá rẹ? Ọdún wo ló kú?" á máa wo òkè àjà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Àwa ará Bódìjà, Agbowó àti Ring Road tí à ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjọ́ tí bàbá-bàbá wa kú. Ẹni tó bá sì dá a láṣà láti wá a, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Wọ́n á ní àwọn baba wa kò mọ̀wé ni. Ẹ gbọ́ ná: láti 1863 ni òfin ti wà ní Èkó pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Kò kan Ìbàdàn nígbà náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní 1979, ìjọba ológun ṣe òfin pé dandan ni ní gbogbo Nàìjíríà. Òfin mìíràn tún jáde ní 1992, tó gbé iṣẹ́ náà lé àjọ ìkànìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mélòó nínú yín ló ti lọ fi orúkọ òkú sílẹ̀, láìjẹ́ pé báńkì ló ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá kí ẹ tó fọwọ́ kan owó bàbá?

Àwọn mìíràn á ní èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ wo? Ọmọ ni wọ́n ní a kì í kà fún ọlọ́mọ, wọn kò dárúkọ òkú. Wọ́n á tún ní ìtìjú ni kí a dárúkọ àìsàn tó pa òbí ẹni. Ṣé ìtìjú wá ju ṣànpọ̀nná lọ, tí àwọn àgbà kò tilẹ̀ fẹ́ fi ẹnu pè? Síbẹ̀ Awólọ́wọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1960, pé òun ló pa bàbá òun ní 1920. Ọdún 1960 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ní UCH. A mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀lẹ ló ń ṣe wá.

Irọ́ ọjọ́ orí tún wá ńkọ́? Ìkéde á ní olóògbé jẹ́ ẹni 115 ọdún, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin á sì dúró níbẹ̀ ní ẹni àádọ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi o.

Ẹni tó bá fẹ́ wá òkú tirẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà ilé. Wọn kì í sọ ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní ìgbà lúkúlúkú, 1918 nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ìgbà tí wọ́n pa Akíntọ́lá, January 1966 ni. Ìgbà Agbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969. Ìgbà tí Ògùnpa ya, August 1980. Lẹ́yìn èyí, kó lọ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé rẹ̀ kí wọ́n ṣí ìwé ìsìnkú fún un. Kó gba inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí ìwé àwọn CMS wà, kó sì wo ìwé ìròyìn àtijọ́. Tribune ti wà láti 1949, Sketch bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ìkéde òkú kò sì wọ́n nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò lówó ìkéde, tí wọ́n sin sínú ilé? Àwo òkúta tó wà lórí sàréè rẹ̀ nìkan ni ìwé rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá wó ilé náà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó parí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí Ògùnpa gbé lọ ní 1980. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ Agbowó kí wọ́n dárúkọ ẹyọ kan péré.

Kò sí ìdí tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi lè rán ènìyàn lọ ya fọ́tò gbogbo sàréè àdúgbò, kò sì sí ìdí tí ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì fi gbọ́dọ̀ di oúnjẹ ikán. Lẹ́mọ́mù náà lè ra ìwé kan, kó máa kọ orúkọ àwọn tó bá kírun sí lára.

Ìsìnkú kan ń bọ̀ ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti san owó aṣọ ẹbí tèmi. Mo wá bi àwọn ọmọ olóògbé pé ta ni nínú wọn ti lọ fi orúkọ màmá sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ra màlúù ná."