Ẹ fi àṣẹ gé fọ́tò, ẹ fi ojú yín yẹ̀ ẹ́ wò

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe content bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tó o bá ṣì ń ṣí fọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, tó ò ń gé e, tó ò ń dín in kù, tó ò ń kọ orúkọ ọjà sí i lára, tó o tún wá ń ṣí òmíràn, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Èmi náà ṣe é títí ọrùn fi ń dùn mí.

2/ Oníbàárà mi kan ń ta ike l'Ágége. Ìyá Oníke là ń pè wọ́n. Korobá, abọ́, kúlà, àga, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kó látọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọba Akran n'Íkẹjà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ọjà wà lórí WhatsApp, kí orúkọ ọjà àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Mo ya fọ́tò 318. Tí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 954 nìyẹn. Ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí 16! Iná ò sì sí.

3/ Computer Village ni mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lọ kí wọ́n bá mi pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe gbọ́ tí mò ń ráhùn. Ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ ìlà kan lẹ fẹ́ fi ọjọ́ méjì ṣe yẹn o." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

4/ Ohun tó fi hàn mí ń jẹ́ ImageMagick. Kò ní bọ́tìnnì, kò ní àwòrán mèremère. O máa kọ àṣẹ, ó máa ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni John Cristy ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1987 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ DuPont l'Ámẹ́ríkà, torí wọ́n fẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa lórí ojú ẹ̀rọ tí kò lè gbé ju àwọ̀ 256 lọ. Ní 1990, wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun tó ti wà kí wọ́n tó bí mi! Àwa wá ń san dọ́là lóṣooṣù fún app tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

5/ Tí o ò bá ní láptọ́ọ̀pù, má bínú. App kan wà fún Android tó ń jẹ́ Termux. Kọ `pkg install imagemagick` sínú ẹ̀, lẹ́yìn náà `termux-setup-storage` kó lè rí fọ́tò rẹ. Ìgbà tó o bá ń gbà á sílẹ̀ nìkan ló máa jẹ dátà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.

6/ Àṣẹ náà rèé. Kọ́kọ́ ṣí fólídà tuntun, kó o wá pàṣẹ:

`mkdir tuntun`
`magick mogrify -path tuntun -auto-orient -resize "1080x1080>" -strip -quality 82 *.jpg`

Ó tán. Fọ́tò 318 yẹn, mo lọ ra àkàrà, kí n tó dé, ó ti parí.

7/ Ẹ jẹ́ ká tú u wò, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kàn dà á kọ. `-auto-orient` ló ń jẹ́ kí fọ́tò dìde dúró, kó má sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. `-resize` ń dín in kù, àmì `>` yẹn sì ń sọ pé kó má fa èyí tó kéré gùn. `-quality` ń dín ìwọ̀n fáìlì kù, kí dátà oníbàárà má bàa tán lórí korobá kan. `-strip` ń bọ́ ìsọfúnni tí fóònù tọ́jú sínú fọ́tò. Tó o bá tan location nígbà tó ò ń ya fọ́tò, ibi tó o dúró sí gan-an lè wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya ọjà nínú yàrá yín, ẹ gbọ́ o.

8/ Àmọ́ ẹ má tíì máa pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo mọ `-path`. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò kọ ọ́. Mogrify ní tiẹ̀, tí o ò bá sọ ibi tó máa kó iṣẹ́ sí, orí fọ́tò ojúlówó ló máa kọ ọ́ lé. Mo sì ti ṣi nọ́ńbà kọ: 108 dípò 1080. Fọ́tò 318 di kékeré bí èékánná. Kò bi mí pé "Ṣó dá ẹ lójú?" Ó kàn ṣe é ni.

9/ Ọ̀pọ̀ nínú ọjà yẹn, wọ́n ti tà á. Mo padà s'Ágége, mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú, mà." Ìyá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí o ní ẹ̀rọ yẹn gbọ́n?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ méjì míì, àpò ara mi ló ti jáde.

10/ Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù, tí agbè ò fọ́, a ó rí òmíràn pọn. Fọ́tò ojúlówó ni agbè. Èyí tí script ṣe ni omi. Kó o tó pàṣẹ ohunkóhun, da fọ́tò rẹ kọ síbòmíràn. Kó o tún fi fọ́tò mẹ́ta péré dán an wò kó o tó kó gbogbo ẹ̀ lé e lórí.

11/ Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí n jẹ́ kí gbogbo fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i. Mo fi `-modulate 130` kún àṣẹ náà. Korobá pupa dára. Abọ́ funfun? Ó pòórá sínú ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí Ìyá fúnra wọn gbé kúlà dání nínú ẹ̀ ló burú jù: ojú wọn ti bó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta lo fi rọ́pò mi?" Ìka ò dọ́gba, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Àṣẹ kan ò lè bá gbogbo fọ́tò mu. Ẹ ya fọ́tò èèyàn sọ́tọ̀, pàápàá jù lọ àwa tá a dúdú. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀rọ bó wa.

12/ Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Yorùbá. Ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ ò ní ààyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ọ̀tọ̀, àmì ohùn ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ló máa tò wọ́n pọ̀. Tí font rẹ ò bá mọ̀ ọ́n, àmì á lọ bà sórí lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo jáde. Mo ṣe ọ̀lẹ, mo bá yọ gbogbo àmì. "Abọ́ ẹ̀kọ" di "abo eko". Abo Èkó! Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ní "Ọlá" nínú di "Ola". Ìyá ní, "Kí ló dé tó o bọ́ṣọ lára orúkọ mi?"

13/ Ojútùú wà. Lo font tó mọ Yorùbá, bíi Noto Sans, kó o sì fi `-font` sọ ibi tó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo Python pẹ̀lú Pillow, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Raqm wà níbẹ̀: `features.check("raqm")`. Tó bá dáhùn pé `True`, òun ló máa bá yín to àmì síbi tó yẹ. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ fún yín pé èdè wa ló le.

14/ Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Ṣé kì í ṣe oúnjẹ àwọn graphic designer lo fẹ́ gbà báyìí?" Rárá o. Kò sí oníbàárà tó ń sanwó torí pé o tẹ "save" nígbà 318. Ojú rẹ ni wọ́n ń sanwó fún: bó o ṣe mọ̀ pé abọ́ funfun ò yẹ kó wà níwájú ògiri funfun, bó o ṣe mọ̀ pé Ọlá kì í ṣe Ola. Òógùn yẹn ni kó o kó fún ẹ̀rọ. Ojú rẹ, má kó o fún un.

15/ Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò ka computer science." Èmi náà ò kà á. Linguistics ni mo kà. Ká sọ̀rọ̀ kó yéni, kí ohun tá a sọ jẹ́ ohun tá a ní lọ́kàn gan-an, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwa tá a ka èdè nìyẹn? Àṣẹ kíkọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

16/ Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe website: tí àwọn tẹ́ ò mọ̀ rí bá ń kó fọ́tò wọlé, tí ImageMagick ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé, ẹ máa ṣe update. Ní 2016, wọ́n rí ihò ńlá kan nínú ẹ̀ tí wọ́n sọ ní ImageTragick: fáìlì burúkú kan lè mú kó ṣe àṣẹ olè. Wọ́n ti dí i, àmọ́ ẹni tí ò ṣe update ṣì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

17/ Ní báyìí, tí ọjà tuntun bá dé, Ìyá Oníke á pè mí. Màá yà á, màá dà á kọ, màá fi mẹ́ta dán an wò, màá pàṣẹ. Lẹ́yìn náà màá jókòó sórí àga ike wọn, a ó jọ wo gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó jáde. Wíwò yẹn ń pẹ́ ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Òun náà ni mò ń gba owó fún. Fọ́tò mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí? Ó yá, ṣí Termux.