Àkọsílẹ̀ Òní Ni Ẹ̀rí Ọ̀la

Bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ bá tẹ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lọ́wọ́, ẹ̀rù ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà á. Àwọn kan á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ò kan àwọn. Ó kàn yín o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Láti ọdún 2011 ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá bíi ìfipábánilòpọ̀, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n òfin ò lè sọ bí ojú ọgbẹ́ ṣe rí. Ẹni tó tọ́jú ọgbẹ́ ló lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lóru. Nọ́ọ̀sì tọ́jú rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan péré sí káàdì, "Wọ́n fipá bá a lò pọ̀", ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Nígbà tí ẹjọ́ yóò fi dé iwájú adájọ́, ọdún ti yí po, wọ́n sì ti gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ bi í pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣojú yín ni?" Kí ni yóò sọ?

Ká ní ó kọ aago tí wọ́n dé, ibi tí ọgbẹ́ wà, bó ṣe tóbi tó, ohun tí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ, aṣọ tí wọ́n gbà àti ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, tó sì buwọ́ lù ú, lọ́yà ò ní ríbi gbá mú. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ẹlẹ́rìí láyè láti wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, kó lè fi rántí. Òfin yìí tún fàyè gba èrò onímọ̀, àmọ́ adájọ́ ló máa pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ ṣẹ̀ sófin. Ohun tí ẹ rí àti ohun tó lè fà á ni kí ẹ sọ. Bí ẹ ò bá rí ọgbẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé pé àìrí ọgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ẹ ka fáìlì náà dáadáa, kí ẹ sì rí lọ́yà ìjọba. Ní kóòtù, ẹ má fi èdè ìṣègùn dá adájọ́ lágara. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín nìkan ni kí ẹ dáhùn. Èyí tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bá lọ́yà jà. Gbólóhùn kan ní í ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ní ti àṣírí aláìsàn, Òfin Ìlera ti 2014 ní ká pa á mọ́, àyàfi láwọn ìgbà kan, bíi kí aláìsàn fọwọ́ sí i, tàbí kí òfin tàbí ilé ẹjọ́ pàṣẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá fipá bá ọmọ yín lò pọ̀, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Inú àpò pépà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ẹ pe àwọn lọ́yà wá, kí wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ẹjọ́ àfidánrawò. Ẹ fún ẹni tí kóòtù pè láyè àti owó ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.