Ẹni Tí Ó Ti Dùbúlẹ̀ Níbẹ̀ Rí

Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn ọpọlọ ń bá ìbátan rẹ̀ gbé ní abúlé, ó sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Oògùn nìkan kò tó.

Ní wọ́ọ̀dù, ta ni aláìsàn ń bá sọ̀rọ̀ lóru? Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀ rí, tí ara rẹ̀ ti yá, ni ó lè sọ pé, "Èmi náà ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí." Iṣẹ́ ni èyí. Kí ìjọba kọ́ irú wọn, kí ó sì san owó oṣù fún wọn. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ bí fáìlì náà yóò ti pẹ́ tó lórí tábìlì!

Àwa ìjọ ńkọ́? Arákùnrin tí ó ti Aró bọ̀, ṣé a ti jẹ́ kí ó gbé igbá ọrẹ rí?