Ewéko àti Ìmọ́lẹ̀ fún Ẹja Inú Díńgí

Bí ẹ bá ń sin ẹja nínú àpótí díńgí, ewéko tútù yẹ ẹ́. Àwa ará Ifẹ̀ mọ òṣíbàtà àti ojú oró. Òṣíbàtà ń ta gbòǹgbò sínú iyanrìn, ó sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ojú oró ń léfòó. Ẹ máa dín in kù kí ó má baà ṣíji bo èkejì. Ẹ tan iná fún wákàtí 8 lójúmọ́. Ẹ má gbé àpótí náà sójú oòrùn, kí omi má baà di aláwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n ẹ má rán ọmọ wọ odò lọ já ewé. Inú ìgbín kéékèèké odò ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde wọ ara ọmọ, tí yóò fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń gbìn ín.