Àpọ́nlé kì í ṣe owó orí

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bá ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí pàdé. Lálúpọn la ti gbéra, à ń lọ sí Ìwó Road. Kọ̀ńdọ́ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n ẹ̀ jágbe mọ́ ìyá arúgbó kan tó gbé àpò gààrí dání pé, "Ìyá, sún síbẹ̀ yẹn jàre!" Ìyá ò fọhùn. Ọkùnrin alágbádá tó jókòó síwájú ló dá a lóhùn: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ àpọ́nlé! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ nìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ nígbà tí kọ̀ńdọ́ ní kí òun náà mú owó ọkọ̀ wá, inú bí i: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé o mọ̀ mí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó ń pọ́nni lé ló ni àpọ́nlé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pọ́n lé. Láwọn abúlé Akínyẹlé àti Lágelú, ìyàwó tó mọ̀wà hù kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. "Akọ́wé" ló máa pè é, tàbí "Ìbàdíàrán," tàbí "Bàbá kékeré." Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló lè ní dandan ni kí wọ́n pọ́n òun lé? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyàwó yẹn rán Akọ́wé níṣẹ́, kẹ́ ẹ wá rí eré!

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn ò ṣe tíì tán nínú mi. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá bá Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣí iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí àwọn ọba tó jókòó dìde, wọ́n dìde. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Bàbá ní ipò àti ọjọ́ orí là ń bọ̀wọ̀ fún nílẹ̀ Yorùbá, pé ó yẹ kí wọ́n dìde fún gómìnà. Mi ò bá wọn jiyàn pé ipò gómìnà ga. Ṣùgbọ́n ìdìde tí wọ́n pàṣẹ ẹ̀ ní gbangba, ìgbọràn ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ibo ni àpọ́nlé wà níbẹ̀?

Ká padà sínú bọ́ọ̀sì. A dé Olódò, ìyá fẹ́ẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé gààrí mi." Kọ̀ńdọ́ ló ń pè ní bàbá o! Ọmọ náà bẹ́ sílẹ̀, ó gbé àpò náà sọdá títì fún un, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá."

Ìwó Road ni alágbádá bọ́ọ́lẹ̀ sí. Ó dúró de ṣéńjì ẹ̀ títí.