Ariwo kọ́ ni agbára: ọ̀rọ̀ lórí "cold air intake" àfọwọ́ṣe

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ jà lónìí, èmi fúnra mi sì ni mo máa kọ́kọ́ bá jà. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fídíò kan síbí: bí ẹ ṣe lè fi páìpù PVC àti fíltà olórí ṣóńṣó ṣe "cold air intake" fún Corolla yín nílé. Ẹ wò ó, ẹ pín in kiri, orí mi wú.

2/ Òjò dé. Ọmọkùnrin kan fi voice note ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Mo gba inú àgbàrá kọjá lánàá, ọkọ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti mu omi." Ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé èrò jẹun. Kò bú mi o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

3/ Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń mí bíi tèmi tìẹ. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju èyí tó gbóná lọ. Tó bá gbóná láti 25°C dé 60°C, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló ti dín kù nínú ààyè kan náà. Òótọ́ nìyẹn, mi ò bá a jà.

4/ Ibi tí irọ́ ti wọlé rèé: níbo lẹ gbé fíltà yẹn sí? Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, wọ́n á yọ àpótí fíltà dúdú yẹn sọnù, wọ́n á fi fíltà síhòòhò sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná, rédíétọ̀ ń fẹ́ ooru, ọkọ̀ dúró gbagidi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ tútù wo ló wà níbẹ̀? "Hot air intake" lẹ ṣe, ẹ jọ̀ọ́.

5/ Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lọ́la, kí ẹ tọpa ẹnu àpótí yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ tókúnbọ̀ tí à ń gùn, iwájú ló kọjú sí, lẹ́bàá iná ńlá tàbí lókè rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọlé. Ẹ gbọ́ mi? Ọkọ̀ yín ti ní "cold air intake" látilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. A yọ èyí tó dáa, a fi èyí tí kò dáa rọ́pò rẹ̀, a tún ń ya fọ́tò.

6/ "Àmọ́ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà, ni mo gbé tèmi sí." Èmi náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù lóòótọ́. Omi ńkọ́? Ṣé ẹ mọ bí títì Èkó ṣe máa ń rí tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan? Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Tí omi bá kún inú sílíńdà, písítìnì kò ní lè gòkè, connecting rod á tẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò yẹn nìyẹn.

7/ Sensor ńkọ́? MAF ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mọ iye epo tó máa fún un. Ìwọ̀n ihò tí wọ́n ṣe é sí ló fi ń ṣírò. Tí ẹ bá gbé e sínú páìpù tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye tó máa kà á kéré sí iye tó wọlé. Epo á kéré jù, iná "check engine" á tàn, P0171 á jáde. Lẹ́yìn náà lẹ ó lọ ra sensor tuntun ní Ládípọ̀ nígbà tí sensor ò ṣẹ̀ yín.

8/ Ọyẹ́ náà ń bọ̀. Tí ojú ìsopọ̀ páìpù yín bá jò lẹ́yìn fíltà, eruku á bá ibẹ̀ wọ sílíńdà tààrà. Iyanrìn á máa ha ring, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, èéfín á gba àdúgbò.

9/ "Àǹtí, mo gbọ́ ìyàtọ̀!" O gbọ́ ọ lóòótọ́. Àpótí yẹn wà lára ohun tó ń gbé ariwo mì. O yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ké. Àgbá òfìfo náà ń pariwo.

10/ A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Plug tí o kò tíì pààrọ̀ látìgbà tí ọkọ̀ ti wọlé láti Kùtọnu, fíltà tó ti di amọ̀, throttle body tó dọ̀tí: ibẹ̀ ni kí owó yẹn kọ́kọ́ lọ.

11/ Ẹnì kan á ní, "Ṣé ká má fọwọ́ ara wa ṣe nǹkan ni?" Ó ti o. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ra scanner OBD2 kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ wo IAT, ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tí ẹ ṣe é, lórí ìrìn àti nínú gò-siló. Tó bá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dá ti ilé iṣẹ́ padà.

12/ Ẹ fi sensor sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ fi àpótí dáàbò bo fíltà kúrò lọ́wọ́ ooru. Kí ẹnu rẹ̀ wà lókè, kó jìnnà sílẹ̀. Ẹ fi clamp di gbogbo ojú ìsopọ̀ pinpin. Ẹ gbàgbé PVC, ooru máa ń jẹ́ kó rọ̀.

13/ Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́. Mo sì dá sí owó ẹ́ńjìnnì tí àbúrò yẹn rà, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo dá a. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe fídíò bíi tèmi, tí ẹ bá ní agbára ti pọ̀ sí i, ẹ fi nọ́ńbà hàn wá. Tó bá jẹ́ ariwo nìkan lẹ ní, ẹ pè é ní ariwo, kí ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun lè mọ ohun tó ń rà.