Àpótí Òfìfo Kì Í Ṣe Amóhùnmáwòrán

Ìjà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n jà á. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ni àwọn tí ń ra tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí a fi pákó dídán kọ́ ilé rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Wọn a tú gbogbo ìfun rẹ̀ dànù, wọn a sì fi pósí tó ṣẹ́kù ṣe àpótí ọtí. Àwọn mìíràn a máa fi ṣe ilé ẹja. Àwọn tó gbọ́n jù lójú ara wọn a ti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní bọ inú rẹ̀, kí àlejò lè máa yà á ní fọ́tò. Àṣà ni wọ́n ń pe èyí. Wọ́n ní àwọn ń gba ohun àtijọ́ là.

Mo wọ ilé oúnjẹ kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí wọ́n gbé ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà. Ìgò ọtí mẹ́fà ló jókòó síbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà, wọ́n sì tan iná pupa wínníwínní yí wọn ká. Mo bi ẹni tó ni ibẹ̀ pé níbo ni ohun tó wà nínú rẹ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, pàǹtí lásán ni. Mo ti kó o fún àwọn onírin àlòkù." Ẹ gbọ́ o! Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà jẹ́ ẹ̀rọ ni pàǹtí. Igi tí wọ́n fi bò ó ni àṣà.

Inú orúkọ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, nítorí pé ojúlé èdè la wà. Nígbà tí Rediffusion wọ ìlú Ìbàdàn ní 1939, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ni, wáyà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n náà dé, ó di amóhùnmáwòrán, ohun tí ń mú ohùn wá, tí ń mú àwòrán wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ni orúkọ méjèèjì sọ. Kò sí ẹni tó pè é ní àpótí onígíláàsì, kò sí ẹni tó pè é ní pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pákó àti gíláàsì yìí ni ojú kọ́kọ́ ń rí. "A" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ni "a" tó bẹ̀rẹ̀ apẹja àti aránṣọ. Ẹni tí kò bá pa ẹja rí kì í jẹ́ apẹja, àní bó tilẹ̀ ń gbé àwọ̀n kọ́ èjìká kiri ọjà. Àpótí tí a ti mọ̀ọ́mọ̀ gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí a gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ wo ló ṣẹ́kù fún un?

Ọ̀rọ̀ èsì tí mo fẹnu bà yìí ní ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀. Ní 1953, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group bínú jáde kúrò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀. Wọn kò gbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì lóòótọ́! Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, títí tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n pe ara wọn. (Mòrókò ti ní tirẹ̀ ní 1954, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ pé àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìyẹn náà tó yangàn.) Odidi ọdún kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí Enúgù tó ní tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960.

Síbẹ̀ ẹnìkan á dìde, á ní, "Ohun òyìnbó ni. Kí ló kan àṣà Yorùbá níbẹ̀?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ń rì sínú aró láti fi ṣe àdìrẹ, ṣebí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá? Ta ló wá ń sọ pé àdìrẹ kì í ṣe tiwa? Ohun tí a fi aṣọ ṣe ló sọ ọ́ di tiwa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti tẹlifíṣọ̀n. Orí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ni Moses Ọláìyá ti di Bàbá Sàlá lójú ẹni tí kò lówó tí yóò fi wọ gbọ̀ngán. Orí rẹ̀ ni Ọyin Adéjọbí ti ń dájọ́ ní Kóòtù Aṣípa. Ilé tó ní ẹ̀rọ kò pọ̀ ládùúgbò nígbà náà, ojú fèrèsé onílé ni àwọn ọmọ aládùúgbò ti ń wòran, ọ̀kan ń gun ẹ̀yìn èkejì. Púpọ̀ nínú eré àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni a kò gbà sílẹ̀ rárá, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Nínú èyí tí wọ́n sì gbà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ti ṣègbé. Ohun tó ti ibi ìgbéjáde wá ti lọ. Ohun tó ń gbà á nínú ilé ló ṣẹ́kù, òun náà la wá ń kó ọtí sí nínú.

Kí tilẹ̀ ni ìfun tí wọ́n ń tú dànù yìí? Mo ń ra àwọn ẹ̀rọ yìí, mo sì ń tún wọn ṣe fún ìgbádùn ara mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ àwọn ọdún 1960, fáàfù ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́: ìgò kéékèèké tí irin tín-ín-rín ń pọ́n nínú wọn bí ẹyin iná. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti Yúróòpù wá, ojú okùn kan ṣoṣo ni wọ́n so irin pípọ́n wọ̀nyí mọ́, tí iná ń ti inú èkíní bọ́ sínú èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn á ṣókùnkùn, oníṣẹ́ rédíò á sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mú ọ̀daràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kì í fi í lajú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ó tàn án, ẹ ó jókòó, ara rẹ̀ á máa móoru, ojú rẹ̀ á máa là díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá pa á, àwòrán á súnkì wọ àárín, á di ẹ̀kán funfun kan ṣoṣo, ẹ̀kán náà á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ẹni tó bá dàgbà tó á rántí ẹ̀kán yẹn.

Ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgò ńlá kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láti ọrùn ìgò náà ni ìtànṣán kan ti ń jáde, wáyà bàbà tí a wé mọ́ ọrùn náà ló ń darí rẹ̀ bí darandaran ṣe ń da màlúù. Ó ń fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, ìlà 625 fún àwòrán kan, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtànṣán kan ṣoṣo! Ojú àti ọpọlọ wa ló ń kó o jọ tó fi di Bàbá Sàlá.

Ohun tó sábà máa ń kú nínú rẹ̀ ni kàpásítọ̀, pàápàá àwọn oníwèé tí wọ́n fi ìda bò, tí ọ̀rinrin ti wọ̀ lára. Nílẹ̀ tiwa níbí, ẹ fi ikán tó jẹ pákó kún un, ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, àti ìgbẹ́ aáyán, àti ọmọńlé tó lọ kú síbi tí iná ti le jù. Àwa tí a bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ a máa yọ inú kàpásítọ̀ àtijọ́, a ó fi tuntun kékeré pamọ́ sínú èèpo rẹ̀, kí ẹni tí yóò ṣí i wò lẹ́yìn wa lè rí i bí wọ́n ṣe tò ó. Alátakò mi á ní, "Ìfun títú náà nìyẹn." Rárá o. Oníṣègùn tó fi abẹ la ikùn aláìsàn àti alápatà, àwọn méjèèjì ló mú ọ̀bẹ dání. Ẹ lọ wo ẹni tó dìde lẹ́yìn iṣẹ́ wọn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ìgbà ti lọ, pé kò ní sí ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè gbà mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní 2006 fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2015 ṣe ààlà fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ irú ti àtijọ́; Nàìjíríà kò bá ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà la forí lé. Kí ló wá dé? Ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní modulator, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ń sọ fídíò di ohun tó lè gba ojú eriali wọlé. Mo ti fi gbé eré àtijọ́ sínú ẹ̀rọ àtijọ́, mo sì rí ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe rí.

Ẹ lọ wo irú eré bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Àwòrán ìgbà náà jẹ́ mẹ́rin ní ìbú sí mẹ́ta ní òró. Ojú ẹ̀rọ òde òní jẹ́ 16 sí 9. Wọ́n á fà á títí yóò fi kún ojú ẹ̀rọ, gbogbo òṣèré á sì sanra lójijì, bí ẹni pé inú ìkòkò ẹ̀bà kan náà ni wọ́n ti jáde. Lẹ́yìn èyí, ìlà àwòrán ìgbà náà a máa wá ní ìdì méjì, ìdajì kọ́kọ́, ìdajì tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ àtijọ́ mọ bí a ṣe ń tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá da ìdì méjèèjì pọ̀ láìbìkítà, etí ohunkóhun tó bá ń rìn a máa ya bí eyín òòyà. Àwọn ènìyàn á wò ó, wọ́n á ní, "Àwọn ará àtijọ́ kò mọ fíìmù yà." Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òkú. Lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún, ojú òṣèré rí roboto bó ṣe yẹ, ọwọ́ tó ń jù fìrìfìrì kò ya. Ẹ̀rí tí ń gbèjà àwọn òṣèré wa wà nínú ohun tí à ń pè ní pàǹtí.

N kò ní purọ́: bí ìgò ojú rẹ̀ bá kú pátápátá, ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tún irú ìgò bẹ́ẹ̀ ṣe nílẹ̀ òkèèrè ti kógbá sílé. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí a wá ẹ̀rọ mìíràn tí pákó rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, kí a fi ẹ̀yà ti èyí wo ti ìyẹn sàn. Ẹ wá rí ìdí tí inú fi ń bí mi. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tú ìfun rẹ̀ ti gba ojú lọ́wọ́ òmíràn tí ì bá lajú.

Àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri kọ́ ni mo ń bá jà. Bàbà ọrùn ìgò yẹn ni wọ́n ń wá kí wọ́n lè jẹun. Wọn a fi òkúta lu ọrùn náà, ìgò a fọ́. Wọn a jó wáyà, wọn a fa èéfín rẹ̀ símú, òjé sì wà nínú gíláàsì ọ̀pọ̀ nínú ìgò wọ̀nyẹn. Ẹni tó lówó, tó ní àyè, tó kó o fún wọn kó lè rí ibi to ọtí sí, òun lẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wá ń kọ́? Lọ́dọọdún ni à ń rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ, lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláró, ó sì dára. Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ rédíò sílẹ̀? Wọ́n ti fi èdè wa tún ẹ̀rọ yìí ṣe láti ìgbà tó ti dé. Àwòrán tó bá ń sáré gòkè, wọ́n ní ó ń yí. Wọ́n mọ èyí tó jó, wọ́n mọ èyí tó kàn ń ṣàárẹ̀, wọ́n sì mọ ìdí tí gbígbá a lórí fi máa ń jẹ́ kó là: ibi tí òjé ti sán nínú rẹ̀ ni ìgbátí náà mú kó tún fara kanra. Àgbà ni wọ́n báyìí, ṣọ́ọ̀bù wọn ti ń di ibi títún fóònù ṣe. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bá ti di ilé ẹja, kí ni wọ́n máa nawọ́ sí?

Bí ọ̀kan bá wà ní yàrá ẹrù bàbá àgbà yín, ẹ má ṣe tàn án wò. Kàpásítọ̀ tó ti sùn fún ọgbọ̀n ọdún lè bú gbàmù, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì ni irin ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ti so mọ́ iná ilé tààrà, tó lè pa ènìyàn. Ẹ má tọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìgò náà lè mú iná dání fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ kí ikán má bàa rí i. Ẹ wá oníṣẹ́ rédíò àgbà kan tó ṣì wà láyìíká yín, kí ó bá yín ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, èyí tí nọ́ńbà fáàfù kọ̀ọ̀kan àti àyè rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá pè wọ́n sílẹ̀.